Bí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ṣe lè jọ bọ́ àdúgbò kan ní Èkó, kí oúnjẹ náà sì hàn lára ọmọ

Ẹni tó bá ń gbé ní Ìwáyà, Mákòókò, Báríga tàbí Ẹ̀bútè Mẹ́tta mọ bí ó ṣe ń rí nínú oṣù Ààwẹ̀ àti ní àsìkò Kérésìmesì. Mọ́ṣáláṣí ń pín ìrẹsì, ṣọ́ọ̀ṣì ń pín ìrẹsì, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń pín ìrẹsì, àwọn NGO láti Ìkòyí àti Lẹ́kí gbé tiwọn dé, olóṣèlú náà kò ní gbẹ́yìn. Ilé kan lè gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá wá di oṣù kẹfà, oṣù keje, tí gààrí ti gbówó lórí, tí iṣu ọdún tó kọjá ti tán, tí òjò kò jẹ́ kí alágbàṣe rí iṣẹ́ òòjọ́ ṣe, ẹ kò ní rí mọ́tò kankan kó já oúnjẹ sílẹ̀ ní àdúgbò náà. Ohun tó tún ń dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé kódà nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀, ojú títì ló máa ń parí sí. Àwọn tó wà lẹ́yìn, tí a ní láti gba orí pákó kọjá kí a tó dé ilé wọn, ariwo rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ẹni tó ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí sí, yálà ẹgbẹ́ náà tóbi tàbí ó kéré. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìlera àdúgbò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, orí Mẹ́ńláǹdì níbí ni mo sì ti ṣe é. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ni pé kí n jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn èèyàn lóúnjẹ, kí n rí i pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àánú ò wọ́n wọn ní Èkó. Ohun tó wọ́n ni kí aláàánú kan mọ ohun tí aláàánú kejì ń ṣe.

Àwọn àjọ ńlá àgbáyé pàápàá ní láti kọ́ èyí. Mẹ́ta nínú wọn ló fi ìlú Róòmù ṣe ibùjókòó: FAO tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, WFP tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961, tó ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn tí ogun tàbí ìyàn bá, àti IFAD tó dé ní 1977 láti máa wá owó fún àgbẹ̀ kéékèèké. Pé wọ́n wà nínú ìlú kan náà kò ní kí iṣẹ́ wọn má pàdé lójú ọ̀nà. Ní 2005, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tún ètò ìrànwọ́ pàjáwìrì tò, wọ́n ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní olórí tí gbogbo èèyàn mọ̀. FAO àti WFP ló jọ ń darí ẹ̀ka oúnjẹ, UNICEF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ló ń darí ẹ̀ka àìjẹunrekánú. Irú ètò yìí ni wọ́n ń lò ní Borno, Adámáwá àti Yóbè. Ìwé tí wọ́n fi ń ṣe é kò nira rárá, ìbéèrè márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: ta ló ń ṣe é, kí ló ń ṣe, níbo, nígbà wo, fún àwọn wo. Ẹ lè kọ márùn-ún náà sínú ìwé ọmọ ilé ìwé. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni láti Àbújá.

Ẹsẹ̀ ló ṣáájú ìpàdé

Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ fi ìpàdé ńlá bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bánà àti máíkì. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ rìn. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá fò ó dá, kò sí ilẹ̀kùn tó máa ṣí fún yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ bá alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ bá Mátírọ́ọ̀nù ní hẹ́ẹ̀lì sẹ́ńtà, ẹ bá Ìyálọ́jà, ẹ bá Lèmọ́ọ̀mù àti pásítọ̀. Ẹ má sì gbàgbé alákàrà àti ẹni tó ń ta gààrí ní kóńgò. Àwọn ló mọ ilé tó ti ń ra àwìn láti oṣù tó kọjá, wọ́n mọ ìyá tó máa ń ra àkàrà ẹyọ méjì fún ọmọ mẹ́rin. Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè sọ ìyẹn fún yín.

Ní Mákòókò, ọkọ̀ ojú omi ni ẹ máa wọ̀. Baálẹ̀ ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ béèrè dáadáa ẹni tó ni apá ibi tí ẹ ń lọ. Àwọn Ègùn pọ̀ níbẹ̀, àwọn Ìlàjẹ náà wà, ọ̀pọ̀ ìyá tó jẹ́ Ègùn kò sì gbọ́ Yorùbá tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ wá obìnrin àdúgbò náà tó gbọ́ èdè méjèèjì, kí ẹ fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin ni mo wí, torí pé ọ̀rọ̀ ọmú, oyún àti ìgbẹ́ ọmọ kì í ṣe ohun tí ìyá máa ń sọ fún ọkùnrin àjèjì tó dúró sínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn, bí ẹ ṣe bá wọn sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ mú lọ́wọ́ lọ. Báyìí ni mo ṣe máa ń sọ ọ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji. A gbọ́ pé ẹ̀ ń fún àwọn opó lóúnjẹ ní ìparí oṣù. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín. A ò wá gba iṣẹ́ yín. Ilé tí ẹ ti dé la fẹ́ mọ̀, kí àwa lè lọ sí ibi tí ẹ kò tíì dé.” Ẹni tí wọ́n bá kí báyìí yóò gbé àga fún yín. Ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán kí ẹ tó ṣí ìwé.

Ìpàdé

Ẹni méjì péré látinú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Kí ó má jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ẹnikẹ́ni, kó má jẹ́ ní ọ́fíìsì NGO tó lówó jù. Hẹ́ẹ̀lì sẹ́ńtà tàbí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé ìjọba dára. Kí ó má bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ tàbí Sọ́ńdè. Kí ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ jù ní àdúgbò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gààrí àpò kan ló ń pín.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fẹnu kò lé lórí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tú ká: òpópónà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú, ẹni tí ìwé orúkọ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ máa tún rí ara yín. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kan, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i.

Ẹ má da owó pọ̀. Mo mọ̀ pé yóò wu àwọn kan. Owó àjùmọ̀ní ló máa ń tú irú ìrẹ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ ká kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí kóówá mú owó rẹ̀ dání, kó ra ìpín tirẹ̀, kó mú rísíìtì wá. Ìgbà tí ẹ bá ti jọ ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan ni ẹ lè máa sọ̀rọ̀ pé kí ẹ jọ dá owó ọkọ̀ àti owó alábàárù.

Ọ̀rọ̀ akọ̀wé nìyí: ẹ mú un látinú ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù. Bí ẹgbẹ́ olówó bá di ìwé mú, kò ní pẹ́ tí àwọn yòókù yóò fi di ọmọ iṣẹ́ wọn, wọn yóò sì máa yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ibì kan lọ.

Ìwé orúkọ kan ṣoṣo

Ní àwọn ilé face-me-I-face-you wa, ìdílé bí ogún lè wà lábẹ́ òrùlé kan, nítorí náà, ẹ má ka ilé. Ẹ ka ìkòkò. Àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan, ì báà jẹ́ yàrá kan ni wọ́n ń sùn tàbí méjì. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á ní káàdì tó ní nọ́ńbà. Ẹ kọ iye ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bóyá aláboyún tàbí ìyá ọlọ́mú wà níbẹ̀, àti bóyá arúgbó tàbí abirùn wà tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú. Ẹ kò nílò láti mọ ẹ̀sìn wọn. Ẹ má béèrè káàdì ìdìbò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá yín ṣiṣẹ́ béèrè rẹ̀. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, nítorí náà, ọ̀dọ̀ akọ̀wé nìkan ni kí ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀ máa gbé. Nọ́ńbà nìkan ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù ní láti rí. Kò gbọdọ̀ balẹ̀ sórí WhatsApp rárá.

Ẹ̀yìn káàdì náà ló ń fòpin sí gbígbà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ tó bá fúnni ní nǹkan á kọ déètì àti ohun tó fún wọn síbẹ̀. Bí ìyá kan bá mú káàdì dé ọ̀dọ̀ yín lónìí, tí ẹ rí i pé mọ́ṣáláṣí fún un ní ẹ̀wà ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ má lé e, ẹ má sì bá a wí níwájú èèyàn. Ẹ lè fún un ní epo tàbí ẹja tí kò rí gbà níbẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀wà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ ka ohun tó ń mú kí èèyàn wọ inú ìwé jáde ní gbangba, lójú gbogbo àdúgbò, kó tó di pé ẹ kọ orúkọ kankan. Ẹni tí wọ́n máa wá bá bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀dùn ọkàn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó kọ orúkọ. Mátírọ́ọ̀nù tàbí tíṣà tí àwọn èèyàn bọ̀wọ̀ fún dára fún iṣẹ́ yẹn.

Kàlẹ́ńdà

Ẹ gbé kàlẹ́ńdà ọdún sórí tábìlì, kí kóówá sàmì sí oṣù tó ń pín oúnjẹ. Àlàfo náà yóò hàn sí yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá bá ara yín sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a lè sún àti ohun tí a kò lè sún. Sàká ìtúnu ààwẹ̀ ní àkókò tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ aláìní kí wọ́n tó kírun Ìtúnu, ẹ má bá Lèmọ́ọ̀mù jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n sàrà ṣeé sún. Oúnjẹ ìkórè tí ṣọ́ọ̀ṣì ń gbà ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ṣeé tọ́jú pẹ́, àmọ́ owó tí àwọn ọmọ ìjọ dá ṣeé tọ́jú. Kí ẹgbẹ́ tó ti rí i pé mẹ́rin ń pín ní oṣù kejìlá sún tirẹ̀ sí oṣù keje, nígbà tí ilé ìwé ń palẹ̀ mọ́ fún họlidé gígùn, tí àwọn ọmọ yóò máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé.

Àpò oúnjẹ

Ìrẹsì kílò márùn-ún pẹ̀lú tòmátò inú agolo, a ti mọ̀ ọ́n dáadáa ní Èkó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kálórì 2,100 fún ẹnì kan lóòjọ́ ni òdiwọ̀n tí àwọn àjọ ìrànwọ́ ń lò. Láti dé ibẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ìpín rẹ̀ fún ẹnì kan ni ìrẹsì tàbí àgbàdo gíráàmù 400, ẹ̀wà gíráàmù 60, òróró gíráàmù 25, ìyẹ̀fun àgbàdo àti sóyà gíráàmù 50, ṣúgà gíráàmù 15 àti iyọ̀ gíráàmù 5. Fún ìdílé ẹni márùn-ún, ìrẹsì kílò márùn-ún tí a mú yangàn yẹn kò ju oúnjẹ ọjọ́ méjì àtààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó tó wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìrẹsì kílò 28 ni, ẹ̀wà kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀, àti òróró bíi lítà méjì. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kì í lè gbé ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ẹgbẹ́ mẹ́ta lè gbé e: ọ̀kan mú ìrẹsì, ìkejì mú ẹ̀wà àti sóyà, ìkẹta mú epo, iyọ̀ àti ẹja. Lójú tèmi, ibí ni àjọṣe ti ń di ohun tí ikùn lè mọ̀.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni fún àgbàlagbà. Ti ọmọ kékeré, ó lè yó bámúbámú fún ẹ̀kọ lásán kí ara rẹ̀ sì máa gbẹ, torí pé ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí owó bá kéré, ẹ dín ìrẹsì kù, ẹ má dín ẹ̀wà kù. Epo pupa ni kí ẹ rà, kí ẹ sì sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná títí tí yóò fi funfun, torí fítámìn A wà nínú pípọ́n rẹ̀ yẹn. Iyọ̀ aláyódíìnì ni kí ẹ mú. Láti 2002 ni ìjọba ti pa á láṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe fúláwà, ṣúgà àti òróró máa fi fítámìn A sí i, ẹ wo àmì ojú tó wà lára àpò tàbí ike rẹ̀, ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹ jọ rajà. Dalẹ́kọ ní Múṣíìn fún ìrẹsì, Máìlì Twẹ́lìf fún ata, tòmátò àti iṣu, Oyíǹgbò fún oríṣiríṣi, àwọn ìyá Mákòókò fúnra wọn fún ẹja yíyan. Ẹ gbé ìwọ̀n dání, torí kóńgò ọlọ́jà kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Ibi tí ọjà bá sún mọ́, tí oúnjẹ sì wà níbẹ̀, mo fẹ́ràn tíkẹ́ẹ̀tì ju àpò lọ. Ẹ bá Ìyálọ́jà ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn ọlọ́jà mélòó kan tó ń ta ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́. Ìyá á mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ, á yan ohun tó fẹ́, ẹ̀yin á sanwó fún ọlọ́jà ní ìparí ọ̀sẹ̀. Bí ẹgbẹ́ mẹ́rin bá da ìrẹsì ọ̀fẹ́ sí òpópónà kan lẹ́ẹ̀kan náà, obìnrin tó ń ta ìrẹsì níbẹ̀ kò ní tà lọ́sẹ̀ yẹn. Òun náà ní ọmọ.

Apá ọmọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ tí ẹ ń pín wúlò, ẹ má ka àpò, ẹ wọn apá ọmọ. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá wà nínú àjọṣe yín gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan ó kéré tán tó mọ̀ ọ́n ṣe, Mátírọ́ọ̀nù yóò sì kọ́ yín. Téèpù pẹlẹbẹ aláwọ̀ mẹ́ta ni. Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni a ń wọ̀n. Apá òsì ni. Ẹ wá àárín méjì èjìká àti ìgúnpá, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ẹ fi téèpù yí i ká, kó má fún jù, kó má dẹ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè, àwọ̀ ewé ni, kò séwu. Bí ó bá wà láti 11.5 títí dé ibi tí kò pé 12.5, àwọ̀ ìyeyè ni, ọmọ náà ti ń rù, ẹ tètè dìde sí i. Bí kò bá pé 11.5, pupa ni, àìjẹunrekánú tó lè pa ọmọ ni, ọjọ́ náà gan-an ni kó dé hẹ́ẹ̀lì sẹ́ńtà.

Ẹ tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ méjèèjì níbi tí bàtà máa ń bò, kí ẹ sì dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ẹ bá yọwọ́ tí ojú rẹ̀ jìn sínú ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ara ọmọ náà ti ń wú nítorí àìjẹunrekánú, bó ti wù kí apá rẹ̀ sanra tó. Àwọn ìyá kan á ní ọmọ ń sanra ni. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn.

Ọmọ tó wà ní pupa tó ṣì ń jẹun, tí ara rẹ̀ kò gbóná, wọ́n lè fún un ní RUTF kó máa jẹ ẹ́ nílé. Ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n po pọ̀ mọ́ wàrà, òróró, ṣúgà àti fítámìn ni, ọ̀rá kan jẹ́ gíráàmù 92, kálórì 500 ló wà nínú rẹ̀. Oògùn ọmọ yẹn ni, kì í ṣe ìpápánu fún gbogbo ilé. Ibí yìí ni àjọṣe ti máa ń gba ẹ̀mí là: bí àwọn yòókù nínú ilé náà kò bá ní oúnjẹ, ìyá kò ní ṣàì pín ọ̀rá náà fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ta ló sì lè bá a wí? Nítorí náà, gbàrà tí hẹ́ẹ̀lì sẹ́ńtà bá ti gba ọmọ kan wọlé sórí RUTF, kí akọ̀wé gbọ́ nọ́ńbà káàdì wọn, kí ẹgbẹ́ tó ni òpópónà náà gbé oúnjẹ ìdílé lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ kọ èyí sínú àdéhùn yín.

Ọmọ tí kò lè jẹun, tó ń bì léraléra, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu, kò yẹ ní ẹni tí ẹ máa fi sílẹ̀ lọ sílé. Ilé ìwòsàn ni, irú bíi ti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Massey ní Erékùṣù Èkó, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Owó ọkọ̀ ló sábà máa ń dá àwọn ìyá dúró. Kí ẹgbẹ́ kan nínú yín mú ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan mìíràn ju ìyẹn lọ bí owó rẹ̀ bá kéré.

Ọmọ tó wà ní ìyeyè, Tom Brown ni mo gbà fún un. Ìwọ̀n mẹ́fà àgbàdo tàbí ọkà bàbà, ìwọ̀n mẹ́ta sóyà, ìwọ̀n kan ẹ̀pà. Ẹ ṣa gbogbo rẹ̀, ẹ yan án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí yóò fi ta sánsán, kí ẹ rí i pé sóyà jinná dáadáa, ẹ kó o lọ sí ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀pà tó bá ti bu tàbí tó ń korò, ẹ dà á nù. Ẹ fi omi gbígbóná sè é bí ẹ̀kọ mímu tó ki. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá jọ sè é níwájú ara wọn ní hẹ́ẹ̀lì sẹ́ńtà, kí ọmọ jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ìyá tó ti rí i tí ọmọ rẹ̀ lá abọ́ kò nílò ìwàásù.

Ọ̀rọ̀ wàrà agolo ọmọ ọwọ́: ẹ má pín in. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan láti pín. Láti 1981 ni ìpàdé ìlera àgbáyé ti fọwọ́ sí ìlànà lòdì sí fífún àwọn ìyá ní irú ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní àdúgbò tí omi ẹ̀rọ kò mọ́, tí owó agolo kejì kò sí, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò tẹ̀ lé e, ọmú ìyá á sì ti gbẹ. Ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà, láìfi omi sí i, lẹ́yìn náà oúnjẹ pẹ̀lú ọmú títí di ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ni kí ẹ bọ́. Bí ìyá bá kú, tàbí tí nǹkan mìíràn kò jẹ́ kó lè fún ọmọ lọ́mú, Mátírọ́ọ̀nù ni kó pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ọjọ́ pínpín

Ní oṣù kejì 2024, èèyàn kú ní Yábàá níbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì ní ẹ̀dínwó. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, èèyàn tún kú ní Ìbàdàn, ní Okija àti ní Àbújá níbi tí wọ́n ti wá gba ẹ̀bùn àti oúnjẹ. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú ti Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń pín oúnjẹ ní ìlú yìí tí kò fi ìyẹn sọ́kàn, kó dúró ná.

Ẹ má kéde rẹ̀ lórí rédíò tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Káàdì ni kí ẹ fi pè wọ́n, nọ́ńbà díẹ̀ ní wákàtí kan, nọ́ńbà mìíràn ní wákàtí tó tẹ̀ lé e. Ẹ pín in sí ibi púpọ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní òpópónà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ibi kan ṣoṣo ni oúnjẹ wà. Kí ọ̀nà àbáwọlé yàtọ̀ sí ọ̀nà àbájáde, kí géètì má wà ní títì. Aláboyún, arúgbó àti abirùn kò gbọdọ̀ tò rárá, ẹ gbé tiwọn lọ bá wọn nílé. Bí ẹ bá rí i pé èrò ti pọ̀ ju ohun tí ẹ mú wá lọ, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, ẹ dá ọjọ́ mìíràn, ẹ sì padà lẹ́yìn. Ẹ má ju nǹkan sí wọn láti orí mọ́tò láé.

Bánà àti fọ́tò

Ìjà tó máa ń pọ̀ jù kì í ṣe lórí oúnjẹ, orí ta ni orúkọ rẹ̀ yóò wà lókè ni. Ẹ yanjú ẹ̀ ní ìpàdé kejì: kò sí bánà ẹnikẹ́ni ní hẹ́ẹ̀lì sẹ́ńtà, kò sí àwòrán olóṣèlú lára àpò, kò sí fọ́tò ọmọ tó rù tàbí ìyá tó na ọwọ́. Ẹgbẹ́ tó nílò fọ́tò fún àwọn tó ń fún un lówó lè ya àpò, ìwọ̀n, ìkòkò Tom Brown àti ọwọ́ tó ń kọ káàdì. Olóṣèlú tó bá fẹ́ ṣe oore, kó gbé oúnjẹ rẹ̀ gba inú ìwé bí gbogbo èèyàn. Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ wà.

Bí ẹgbẹ́ kan bá ń lọ

Owó máa ń tán. Ètò NGO máa ń parí, pásítọ̀ máa ń gbà ìyípadà ibùdó, ọ̀gá tó ń dá owó lè kó kúrò ní ìlú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, lílọ láìsọ ni kò dára. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣèlérí láti fún àwọn yòókù ní oṣù mẹ́ta kó tó dáwọ́ dúró. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ wọn apá gbogbo ọmọ tó wà ní òpópónà wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ kọ nọ́ńbà àwọn tó wà ní ìyeyè àti pupa, àwọn tó wà lórí RUTF, aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti wọ̀, àti arúgbó tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá nílé. Ẹgbẹ́ tó máa gba òpópónà náà á bá wọn rìn lọ sí àwọn ilé yìí kí wọ́n tó lọ, láti ojúlé dé ojúlé, kí àwọn ìyá mọ ojú ẹni tuntun. Ẹ̀dà ìwé náà kan á wà lọ́wọ́ akọ̀wé, èkejì á wà lọ́dọ̀ Mátírọ́ọ̀nù. Ti Baálẹ̀, iye ìdílé àti orúkọ ẹgbẹ́ tó gbà á nìkan ni kí ẹ kọ sí i.